Wọ́n Ní İlyas Ti Mutí Yó

İlyas Korkut, ọmọ Gülizar ará Bozburun, ni wọ́n ṣẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ti àkọ́kọ́, ẹ lè pè é ní àṣìṣe bó bá wù yín. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n gbìmọ̀ rẹ̀ ni, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Sevilay Aktaş wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìròyìn àwa akẹ́kọ̀ọ́. Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ míì bò ó lójú, ó mi orí pé rárá.

"Wọ́n ti fi orúkọ İlyas ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri etíkun yìí," ó ní. "Kọ tèmi náà síbẹ̀."

Mo ti kọ ọ́.

Sevilay ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà. Iṣẹ́ atukọ̀ ló wù ú, kò sì sí obìnrin kankan tó ń tu ọkọ̀ afẹ́ ní èbúté wa. Ó gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ onígi kan tí wọ́n ń pè ní Gülbahar, tó ń kó àwọn àlejò tó wá sinmi láti Marmaris lọ sí Fethiye, kó lè ti ìsàlẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Rüstem ni atukọ̀. İlyas ló ń bójú tó okùn àti ìdákọ̀ró. Sevilay ń se oúnjẹ, ó ń gbé tíì, ó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìrìn àjò ọ̀hún dùn níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kì í yára. Àwọn àlejò á sùn lábẹ́ ìbòòrùn, wọ́n á jí, wọ́n á bọ́ sómi, wọ́n á jáde wá jẹ bàrà olómi pẹ̀lú wàrà funfun, wọ́n á tún sùn. Opó kan láti Ankara, Ìyá Perihan, ló ń dá wọn lẹ́rìn-ín jù. Gbogbo èèyàn ló ń bá ta ayò, gbogbo èèyàn ló sì ń rẹ́ jẹ.

"Sevilay, ọmọ mi, tíì yìí ti tutù. Àbí inú òkun lo ti bù ú?"

"Ẹ má dá a lẹ́bi, Màmá," İlyas dáhùn láti ibi tó ti ń ká okùn. "Atukọ̀ wa ọ̀la nìyẹn. Atukọ̀ kì í se tíì, àṣẹ ló ń pa."

"Ìwọ ńkọ́? Kí nìwọ máa dà lọ́la?"

"Èmi? Ẹja ni mí. Ẹja ni màá máa jẹ́ nìṣó."

Ìyá Perihan rẹ́rìn-ín, ó na ife rakı rẹ̀, ọtí líle ilẹ̀ wa, sí i. "Ó yá, ẹja, fẹnu kàn án."

"Màmá, bàbá mi ti mu tèmi mọ́ tiẹ̀. Kò ṣẹ́ kù fún mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sevilay nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ọtí ló pa bàbá İlyas. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni İlyas gbé ọwọ́ lé Kùránì níwájú ìyá rẹ̀ pé ọtí ò ní kan ètè òun láéláé. Kò sì kàn án.

Ẹni tó bá mọ etíkun wa mọ bí ọkọ̀ ṣe ń wọ ibùdó láàárín àwọn òkè. Atukọ̀ á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sápá ilẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn, á fi jíà sí fíríì. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan á bẹ́ sómi pẹ̀lú okùn léjìká, á wẹ̀ dé ilẹ̀, á sì so okùn mọ́ igi páìnì. Iṣẹ́ İlyas nìyẹn. Ẹlòmíràn á dúró sí ìdí ọkọ̀, á na ọwọ́ sókè. Iṣẹ́ Sevilay nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ yẹn bá ṣì wà lókè, èèyàn wà nínú omi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan jíà. Atukọ̀ kì í wo iwájú lásìkò yẹn. Ọwọ́ yẹn ló ń wò.

İlyas ló kọ́ ọ. "Ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ rẹ, Ìyá Atukọ̀," ó sọ fún un. "Bí imú bá ń yún ẹ, fi ọwọ́ kejì họ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé Göcek, Haldun, ẹni tó ni ọkọ̀, wọlé bá wọn. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó bọ àwọn àlejò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ìbò. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibùdó tí wọ́n fẹ́ wọ̀, ó dìde.

"Ẹ̀yin àlejò mi, ẹ lọ jókòó síwájú. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wọ ibùdó!"

Gbogbo wọn lọ síwájú. Haldun wá kọjú sí Rüstem tó di ìtọ́kọ̀ mú.

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ni màá gbé e wọlé."

"Ọ̀gá, atẹ́gùn ọ̀sán ti dé. Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ọkọ̀ yín ni, Ọ̀gá."

"Ṣé ìwọ náà mọ̀."

Rüstem bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó ti ń tukọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìtukọ̀.

Ìdákọ̀ró balẹ̀. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. İlyas bẹ́ sómi. Sevilay na ọwọ́ sókè.

Atẹ́gùn gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà sápá àpáta. Kò sí ewu níbẹ̀. Bí okùn bá ti dé ara igi, okùn á fà á padà. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò jókòó síwájú, wọ́n ń rí i bó ṣe ń yà. Ojú ti Haldun.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó yà," Rüstem ní. "Ẹ má fọwọ́ kan jíà."

Haldun fi jíà sí rìfáàsì, ó sì tẹ iná mọ́ ọn.

"Fíríì!" Sevilay pariwo. "Ọ̀gá, fíríì! Ó wà nínú omi!"

Haldun ò bojú wẹ̀yìn.

Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀ gan-an. Mi ò ní kọ ohun tó ṣe. Ìyá İlyas máa ka ìwé ìròyìn yìí.

Nígbà tí Rüstem fò mọ́ ẹ́ńjìnnì tó sì pa á, ọwọ́ Sevilay ṣì wà lókè. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Wọ́n fa İlyas sókè, wọ́n fi aṣọ tábìlì bò ó. Ẹkún Ìyá Perihan ń wá láti iwájú ọkọ̀. Kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dé, Haldun pe Sevilay àti Rüstem sí ilé ìdáná nísàlẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbọ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi wà lókè," Sevilay wí.

"Ta ló ní kò sí lókè? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo di ìtọ́kọ̀ mú, ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún Rüstem tó gbé e fún mi? Wọ́n á gba ìwé rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́lé. Rüstem, ọmọbìnrin mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta, Ọ̀gá," Rüstem dáhùn, kò gbé ojú sókè.

"O gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé: İlyas mutí lọ́sàn-án. Ó bẹ́ sómi fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an. Rüstem ló di ìtọ́kọ̀ mú, kò mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀. Ìwọ rí i nígbà tó ń mu."

"Kì í mutí, Ọ̀gá. Ẹ mọ̀ pé kì í mutí."

"Òkú kì í bínú."

Ohùn Haldun wá rọ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ ta nǹkan.

"Ọkọ̀ kékeré tí mo ń kàn lọ́wọ́ ní Bozburun, o ti rí i, àbí? Yóò nílò atukọ̀ ní àsìkò tó ń bọ̀. Mo ti ń ṣọ́ ẹ tipẹ́. Ọkọ̀ tí obìnrin ń tù! Láti Istanbul ni wọ́n á ti máa wá wọ̀ ọ́. Ṣé ìwọ ni kí n fún, àbí kí n wá ẹlòmíì?"

Sevilay mọ ọkọ̀ yẹn. Òun àti İlyas ti jọ lọ wò ó níbi tí wọ́n ti ń kàn án. İlyas fi ìka kan pákó rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn o, ẹni tó ni yín ti dé." Láti ọjọ́ yẹn ni Sevilay ti ń lá àlá rẹ̀.

"Mo lè parọ́ fún ẹ pé ẹ̀rù ló bà mí," ó sọ fún mi. "Kì í ṣe ẹ̀rù. Inú mi dùn. Òkú wà lókè orí wa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ lára aṣọ mi, inú mi sì dùn."

Rüstem di ọwọ́ Sevilay mú. "Àbúrò, nítorí Ọlọ́run. Nítorí àwọn ọmọ mi."

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó bi í: "Ó mutí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ojú ara rẹ lo fi rí i?"

"Mo rí i. Rakı àwọn àlejò ló mu."

Ó fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ İlyas wò. Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, nígbà tí ohùn àwọn ẹlẹ́rìí ti ṣọ̀kan? Òṣìṣẹ́ ló kú. Ká ní àlejò ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá ti dé Ankara kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti àwọn àlejò, ọkọ̀ míì ti wá kó wọn kí wọ́n lè parí ìsinmi wọn.

Irọ́ dé Bozburun ṣáájú òkú. Nílé tíì, àwọn ọkùnrin ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹja tó ní òun jẹ́, inú ọtí ló ti wẹ̀."

"Kí lẹ retí? Ẹ ti gbàgbé bàbá rẹ̀ ni? Ohun tí bàbá bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ parí."

Nígbà jánásà, lèmọ́mù dúró ti pósí, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè fún gbogbo òkú, kí àwọn èèyàn lè dárí jì í kó tó wọ sàréè:

"Báwo lẹ ṣe mọ olóògbé yìí?"

"Ẹni rere la mọ̀ ọ́n sí."

"Ṣé ẹ yàfún un?"

"A yàfún un."

Ohùn wọn ò ròkè. Rüstem wà lára àwọn tó gbé pósí. Haldun fi òdòdó ńlá kan ránṣẹ́, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀. Sevilay dúró láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn obìnrin kóra jọ sílé Gülizar láti yan helva òkú, àdídùn tí à ń pín nígbà ọ̀fọ̀. Ìyẹ̀fun àti bọ́tà ti wà lórí iná. Obìnrin kan á gba ṣíbí, á rò ó, á ṣàdúà fún İlyas, á sì gbé ṣíbí fún ẹlòmíì. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi kan Sevilay.

"Gbà á, ọmọ mi," ìyá àgbàlagbà kan wí. "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dópin."

Sevilay gbà á. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Gülizar.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàfún mi."

Ibẹ̀ ni ó ti tú ara rẹ̀ fó. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá kú, òkú ni à ń yàfún. Ẹni tó wà láàyè kì í wá tọrọ ìyàfún lọ́wọ́ ìyá òkú lẹ́bàá iná helva, àfi bí nǹkan kan nínú ẹ̀tọ́ ìyá náà bá wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Gülizar ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó gbé orí sókè.

"Kí ni kí n yàfún?"

"Màmá..."

"İlyas la wá yàfún lónìí. Òun ló kú. Ìwọ wà láàyè. Kí lo jẹ nínú ẹ̀tọ́ mi?"

"Gülizar, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," aládùúgbò rẹ̀ kan dá sí i. "Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ dákẹ́ fún mi. Sevilay, wojú mi. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kan rí ọmọ mi tó ń mutí. Wọn ò dárúkọ ẹni náà fún mi. Ta ni?"

Helva ti ń jó nínú ìkòkò. Kò sẹ́ni tó rò ó.

"Èmi ni."

"O rí i?"

"Mi ò rí i. Kò mu. Kò mu rí, Màmá. Iṣẹ́ ló bẹ́ sómi fún. Ọwọ́ mi wà lókè. Ọ̀gá Haldun ló di ìtọ́kọ̀ mú, mo pariwo, kò wẹ̀yìn."

Ariwo sọ nínú ilé. Ẹnì kan ta á ní ìpá nídìí. "Inú àwo kan náà lo ti ń bá wa jẹun!" Ẹlòmíì ní, "Ẹ tì í síta! Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilé òkú mọ́! Èló ni wọ́n ra ahọ́n ẹ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Gülizar wí. Ó kọjú sí Sevilay. "Kí ni wọ́n fún ẹ?"

"Wọ́n ní màá di atukọ̀."

Gülizar mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ iye ọjà tí kò ní lè rà.

"Ọmọ mi ló kọ́ ẹ," ó wí.

"Màmá, ẹ yàfún mi."

"Mi ò yàfún ẹ. Ibi tó o ti parọ́ ni kó o lọ sọ òótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bóyá. Mi ò ṣèlérí."

Sevilay gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ náà ló bá níbẹ̀.

"Èwo ni ká gbà gbọ́, ti ìjẹta àbí tòní?"

"Tòní."

"Ọ̀gá Haldun ní òun ò sún mọ́ ìtọ́kọ̀. Rüstem ní òun ló wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan lo yí ohùn padà. Ọ̀gá tiẹ̀ ti gbọ́ ohun tó o sọ nílé òkú, ó pè wá ṣáájú ẹ, ó ní o béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, òun ò fún ẹ, o sì ń wá ọ̀nà láti gbẹ̀san."

"Irọ́ ni!"

"Ẹni tó parọ́ níjẹta ló ń pariwo irọ́ lónìí." Ó fa bébà tuntun yọ. "Bó o bá fẹ́ ká kọ ọ́, a óò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ la máa kọ́kọ́ gbé lọ sílé ẹjọ́, fún ẹ̀rí èké."

"Ẹ kọ ọ́," Sevilay wí.

Ó wá pe Ìyá Perihan lórí fóònù. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ na ife sí İlyas, òun ló fi etí ara rẹ̀ gbọ́ tí İlyas kọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi," obìnrin náà wí, "gbogbo òru ni mo ń rí ọmọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ìsinmi ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín. Má fà mí wọ ilé ẹjọ́. Ara mi ò le."

Ó pa fóònù.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí ẹ ń tọ́jú owó pa mọ́ kẹ́ ẹ lè wá sùn lábẹ́ ìbòòrùn wa, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá. Owó yín là ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ jókòó síwájú, ẹ bojú wẹ̀yìn. Èèyàn wà nínú omi. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ mi tí iṣẹ́ ń wù lójú méjèèjì, ẹ wo Sevilay dáadáa. Kò burú ju èmi tàbí ẹ̀yin lọ. Ohun tó fẹ́ gan-an ni wọ́n fi mú un.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án wọlé, Gülbahar tún wà ní èbúté, ó fẹ́ kó àlejò tuntun. Wọ́n ti fọ tìmùtìmù rẹ̀, orin ń dún, bàrà olómi ti wà lórí tábìlì. Gülizar rìn wá, Sevilay tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò bá a rìn pọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Haldun rí Gülizar, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ tún kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò ń wọlé lọ́wọ́."

"Kí ló dé?" àlejò kan béèrè láti inú ọkọ̀.

"Kò sí nǹkan. Ìyá kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni."

Gülizar ò tiẹ̀ wò ó. Rüstem ló ń wò, ẹni tó dúró lẹ́bàá pákó ìwọkọ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Àdúgbò kan náà ni òun àti Gülizar ti dàgbà.

"Rüstem, èjìká rẹ lo fi gbé ọmọ mi lọ sí sàréè. Mi ò wá gba owó. Mi ò ní kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Wọ́n ní ọmọ mi mutí yó, ó bẹ́ sómi, ó kú. Àwọn èèyàn rèé. Sọ fún wọn. Ta ló di ìtọ́kọ̀ mú?"

Rüstem wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Orin ṣì ń dún nínú ọkọ̀.

"Rüstem," Haldun pè é, "àsìkò ń lọ."

Rüstem tú okùn kúrò lára irin èbúté. Ó ká a, ó gbé e kalẹ̀. Ó fa pákó ìwọkọ̀ wọlé, ó sì lọ dúró nídìí ìtọ́kọ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í là láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Àwọn àlejò kan juwọ́ sí wa.

Gülizar rìn tẹ̀ lé ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rüstem, sọ ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú."